Niger Ti Kúrò Nínú ECOWAS: Ohun Tó Yẹ Kí Oníbàárà Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà Mọ̀

Tí ẹ bá bèèrè ní ọjà Ìkàrẹ́ tàbí ti Ọ̀kà, ní ilẹ̀ Àkókó ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, pé kí ló dé tí àlùbọ́sà fi gbówó lórí, oríṣiríṣi èsì lẹ máa gbọ́. Ẹnì kan á ní epo ọkọ̀ ni. Ẹlòmíràn á ní àwọn Hausa ni kò kó ọjà wá. Ẹlòmíràn á ní wọ́n ti ti ibodè pa, tàbí pé àwọn ará Niger ti bá wa jà. Òótọ́ wà díẹ̀díẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ lónìí ni wọ́n ń rí rẹ́ jẹ. Torí náà la ṣe fẹ́ to ọ̀rọ̀ yìí ní ẹsẹẹsẹ, kí ẹni tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ lọ sọ́jà lè mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó rẹ̀.

Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ní ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún ọdún 1975, àwọn orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tọwọ́ bọ̀wé ní Èkó, wọ́n sì dá àjọ ECOWAS sílẹ̀. Ọ̀gágun Yakubu Gowon ti Nàìjíríà àti Ààrẹ Gnassingbé Eyadéma ti Tógò ló léwájú iṣẹ́ náà. Ohun tí wọ́n fẹ́ ni kí èèyàn àti ọjà máa lọ láti ìlú kan sí ìkejì láìsí ìdíwọ́. Ní 1979, wọ́n fẹnu kò pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan nínú àjọ náà lè wọ òmíràn, kó sì lo 90 ọjọ́ níbẹ̀ láìgba físà. Wọ́n tún fẹnu kò pé ohun tí wọ́n bá gbìn, tàbí ẹran tí wọ́n bá sìn nínú àwọn orílẹ̀-èdè náà, kò ní san owó ibodè bó bá ń kọjá láàárín wọn.

Orílẹ̀-èdè Mauritania ló kọ́kọ́ jáde, ní ọdún 2000. Lẹ́yìn náà ni ti Mali, Burkina Faso àti Niger, tí àwọn ológun ti gba ìjọba. Nígbà tí wọ́n fipá gbàjọba ní Niger ní ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 2023, ECOWAS ti ibodè mọ́ wọn, Nàìjíríà sì gé iná mànàmáná tó ń lọ sọ́dọ̀ wọn. Ìbínú ìgbà yẹn kò tán nílẹ̀. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kìíní ọdún 2024, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kéde pé àwọn ń lọ. Ìwé àdéhùn àjọ náà ní kí ẹni tó bá fẹ́ lọ sọ ọ́ ní ọdún kan ṣáájú, nítorí náà ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025 ni ìyapa náà tó múlẹ̀. Orílẹ̀-èdè 15 ló wà nínú ECOWAS tẹ́lẹ̀. Ó wá ku 12. Àwọn mẹ́ta tó jáde ti dá àjọ tiwọn sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní AES.

Kí ló kan Àkókó nínú ọ̀rọ̀ yìí?

Nínú àwọn mẹ́ta yìí, Niger nìkan ló bá Nàìjíríà pààlà. Ààlà náà gùn ju 1,500 kìlómítà lọ. Ìpínlẹ̀ méje ló wà lórí rẹ̀: Kebbi, Sókótó, Zamfara, Kàtsínà, Jigawa, Yobe àti Borno. Lára àwọn ẹnu ibodè tí ọjà ń gbà jù ni Illela ní Sókótó, tó kọjú sí Birnin N'Konni, Jibiya ní Kàtsínà, tó lọ sí Maradi, àti Maigatari ní Jigawa.

Ohun tó ń gba ibẹ̀ wọlé kì í ṣe ọjà olówó ńlá tó ń lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́rọ̀ nìkan. Àgbò àti màálù ń gba ibẹ̀. Àlùbọ́sà pupa tí wọ́n ń pè ní Galmi, tí ìlú Galmi ní Niger fún lórúkọ, ń gba ibẹ̀. Ẹ̀wà, ata gbígbẹ, òfìo àti dàbínù ń gba ibẹ̀ pẹ̀lú. Bí ọkọ̀ bá ti kó wọn dé àwọn ọjà ńlá òkè Ọya, wọ́n ń pò mọ́ tàwọn àgbẹ̀ Sókótó, Kebbi àti Kánò, lẹ́yìn náà làwọn alájàpá á wá kó wọn sọ̀ kalẹ̀. Ìpínlẹ̀ Kogí pààlà pẹ̀lú Àkókó, ó sì wà lójú ọ̀nà ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òkè Ọya. Ohun tó bá dí ọkọ̀ lọ́wọ́ ní ibodè lè dé orí àtẹ wa, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹni tó máa kọ orúkọ Niger sára àpò àlùbọ́sà.

Ọjà tiwa náà ń lọ sọ́hùn-ún. Ó pẹ́ tí wọ́n ti ń kó obì láti ilẹ̀ Yorùbá lọ sí ilẹ̀ Hausa, títí kan Niger. Nítorí náà, ìyapa yìí kan olùtajà bó ṣe kan olùrà.

Kí ló yí padà, kí ni kò sì tíì yí padà?

Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í gbọ́. Ní ọjọ́ tí ìyapa náà múlẹ̀, ECOWAS kéde ohun mẹ́ta tó ṣe pàtàkì. Èkíní, kí àwọn orílẹ̀-èdè tó kù ṣì máa gba ìwé ìrìnnà àti káàdì ìdánimọ̀ tó ní àmì ECOWAS lọ́wọ́ àwọn ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta náà. Èkejì, kí wọ́n máa ṣe sí ọjà wọn bí wọ́n ṣe ń ṣe sí i tẹ́lẹ̀, láìfi owó ibodè kún un. Ẹ̀kẹta, kí àwọn èèyàn wọn ṣì máa wọlé láìgba físà. Gbólóhùn tó wà nídìí gbogbo rẹ̀ ni pé bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí títí dìgbà tí àjọ náà bá tún sọ̀rọ̀. Àwọn AES pẹ̀lú ti kéde ní oṣù Kejìlá ọdún 2024 pé ọmọ ECOWAS tó bá ń bọ̀ lọ́dọ̀ àwọn kò nílò físà.

Èyí fi hàn pé kì í ṣe òótọ́ pé wọ́n ti gbé owó ibodè tuntun lé àlùbọ́sà Niger tó ń wọ Nàìjíríà nítorí ìyapa nìkan. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ fún yín nídìí àtẹ rẹ̀, yálà kò mọ̀ tàbí ó fẹ́ fi gbówó lé ọjà.

Ohun tó yí padà ni pé ohun tó jẹ́ ẹ̀tọ́ tẹ́lẹ̀ ti di oore-ọ̀fẹ́. Ìkéde ni ẹ̀tọ́ náà dúró lé báyìí, ìkéde mìíràn sì lè fagi lé e. ECOWAS ní ìwọ̀n owó ibodè kan tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015 fún ọjà tó bá ti ìta àjọ wọlé: ìpele márùn-ún ni, láti orí òdo, 5, 10 àti 20, títí dé 35 nínú ọgọ́rùn-ún. Bí wọ́n bá pinnu lọ́jọ́ kan pé ará ìta ni Niger, ọjà rẹ̀ lè bọ́ sábẹ́ ìwọ̀n yẹn. Lọ́wọ́ kejì, ní oṣù Kẹta ọdún 2025, AES bẹ̀rẹ̀ sí í gba ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún lórí ọjà tó bá ti ìta wọ ilẹ̀ wọn. Lórí ọjà ₦100,000, ₦500 nìyẹn. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n olùtajà Nàìjíríà tó ń kó ọjà lọ sọ́hùn-ún yóò mọ̀ ọ́n lára, nítorí tẹ́lẹ̀ rí kò san án.

Ibi tó ti dun oníbàárà jù: àṣẹ òjijì

Ewu tó tóbi jù kì í ṣe owó ibodè. Àṣẹ tí ìjọba kan lè pa láàárọ̀, tí ọjà á sì dúró lálẹ́, ni.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ àgbò Iléyá ọdún 2025. Ọjọ́ 6 oṣù Kẹfà ni ọdún náà bọ́ sí. Ní oṣù Karùn-ún, nígbà tí àwọn oníṣòwò ń múra, ìjọba Niger fòfin de kíkó ẹran ọ̀sìn jáde ní ilẹ̀ rẹ̀. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé kí àwọn ará ilé wọn lè rí àgbò rà ní iye tí apá wọn ká. Kò sẹ́ni tó lè bá wọn wí pé wọ́n fẹ́ràn èèyàn wọn. Ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò Nàìjíríà tó gbójú lé àgbò Niger pàdánù, ẹni tó ní àgbò nílé sì lè pe iye tó wù ú. Ìkàrẹ́ jẹ́ ìlú tí Mùsùlùmí pọ̀ sí, ìdílé púpọ̀ ló sì ń tọ́jú owó àgbò láti inú owó oṣù tàbí owó oko. Irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kí ìṣirò ẹni bọ́ sí i.

Ṣáájú ìyẹn, ní oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Niger ti fòfin de kíkó ìrẹsì àti ọkà jáde, ṣùgbọ́n ó yọ Mali àti Burkina Faso sílẹ̀. Kókó ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀: ẹni tó wà nínú àjọ tuntun ń rí ọjà gbà, ẹni tó wà lóde ń wò.

Òtítọ́ kò gbọdọ̀ ṣègbè. Nàìjíríà fúnra rẹ̀ ti ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nígbà tí gbogbo wa ṣì wà nínú àjọ kan. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2019 títí di oṣù Kejìlá ọdún 2020, ìjọba Ààrẹ Muhammadu Buhari ti ibodè orí ilẹ̀ pa. Láti ìparí oṣù Keje ọdún 2023 títí di oṣù Kẹta ọdún 2024, ibodè wa pẹ̀lú Niger tún wà ní títì. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ tún fòfin de kíkó èso òrí tútù jáde fún oṣù mẹ́fà. Àjọ ECOWAS kò dí gbogbo ìyẹn lọ́wọ́. Síbẹ̀, nígbà tí a jọ wà nínú rẹ̀, ìwé àdéhùn wà tí a lè nà síni lójú, ìpàdé àwọn mínísítà wà, ilé ẹjọ́ sì wà. Ní báyìí, láàárín àwa àti Niger, ìjíròrò ni gbogbo rẹ̀ dúró lé, àlùbọ́sà kì í sì í dúró de ìjíròrò kó tó rà.

Ohun tí a kò gbọdọ̀ di ẹ̀bi rẹ̀ ru ìyapa náà

Ọ̀wọ́n tó wà lọ́jà ju ti Niger lọ. Ẹ jẹ́ ká ka àwọn ìdí mìíràn.

*Náírà.* Ṣáájú oṣù Kẹfà ọdún 2023, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báńkì. Lẹ́yìn tí ìjọba tú náírà sílẹ̀, ó lé ní ₦1,500 kí 2024 tó parí. Sẹ́fà ni olùtajà Konni tàbí Maradi ń ná, wọ́n sì so sẹ́fà mọ́ yúrò: yúrò kan jẹ́ sẹ́fà 655.957. Nítorí náà, bí náírà bá ṣubú, àgbò tí iye rẹ̀ kò yí padà rárá ní sẹ́fà yóò di ọ̀wọ́n ní náírà. Ọkà àti ẹ̀wà wa á sì di pọ́ọ́kú lójú ẹni tó gbé sẹ́fà wá, yóò rà á lọ, èyí tó kù fún wa á dínkù.

*Epo ọkọ̀.* Ní òpin oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo. Lítà kan kò tó ₦200 tẹ́lẹ̀. Nígbà tó fi di oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ó ti lé ní ₦1,000. Ọjà tó bá rìn jìnnà ló máa ń jìyà rẹ̀ jù.

*Àsìkò.* Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni àlùbọ́sà òkè Ọya ń jáde, ìgbà yẹn ló sì ń pọ̀. Bí ọdún bá ń lọ sópin, èyí tí wọ́n tọ́jú ti ń tán, tuntun kò sì tíì dé. Ọ̀wọ́n oṣù Kọkànlá àti Kejìlá ti wà kí ECOWAS tó pín.

*Ojú ọ̀nà.* Ìbẹ̀rù ajínigbé, ọ̀nà tó bàjẹ́ àti owó tí wọ́n ń gbà lọ́wọ́ awakọ̀ níbi ìdènà ọ̀nà ń wọ inú iye ọjà. Ará Àkókó kò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún òun.

Ohun tí àwọn ará Lọ́ńdọ̀nù rí

Àwọn ọmọ wa tó wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti rí irú èyí. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dìbò ní oṣù Kẹfà ọdún 2016 pé òun á kúrò nínú àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù. Ọjọ́ 31 oṣù Kìíní ọdún 2020 ló jáde, ṣùgbọ́n ọdún 2021 ni ìyàtọ̀ tó hàn sí oníbàárà. Ẹni tó ra aṣọ láti Faransé tàbí Jámánì lórí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í rí ìwé owó ibodè lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, tí akérù sì ń gba owó iṣẹ́ tirẹ̀ lé e. Àwọn iléeṣẹ́ fóònù kan tún bẹ̀rẹ̀ sí í gba àfikún owó lórí ìpè nílẹ̀ Yúróòpù.

Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ fún wa. Àkọ́kọ́, ìyapa kì í fara hàn tán ní ọjọ́ tí wọ́n bá kéde rẹ̀. Ó lè tó ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó dé àpò oníbàárà. Èkejì, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ìṣòwò pẹ̀lú Yúróòpù kí ọdún 2021 tó wọlé, síbẹ̀ ará ìlú ṣì fara gbá a. Ní tiwa, oṣù Karùn-ún ọdún 2025 ni Omar Alieu Touray, tó jẹ́ ààrẹ ìgbìmọ̀ ECOWAS nígbà náà, lọ sí Bamako ní Mali láti bẹ̀rẹ̀ ìjíròrò pẹ̀lú àwọn AES, nígbà tí ìyapa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé oṣù mẹ́rin.

Ẹ̀tọ́ tí òfin fún yín

Òfin kan wà ní Nàìjíríà tó ń dáàbò bo oníbàárà, òfin ọdún 2018 tí àjọ FCCPC ń mójú tó. Lára ohun tó sọ nìyí: olùtajà gbọ́dọ̀ jẹ́ kí iye ọjà hàn, kò gbọdọ̀ purọ́ fún oníbàárà nípa ọjà tàbí ibi tó ti wá, kò sì gbọdọ̀ ta ọjà ní iye tó hàn gbangba pé ó jẹ́ ìrẹ́jẹ. Ẹni tó bá ra ohun tó ní àbùkù lè dá a padà. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Tunji Bello tó jẹ́ olórí àjọ náà fún àwọn olùtajà ní oṣù kan láti jáwọ́ nínú àfikún owó tí kò nídìí, kí àjọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin mú wọn.

Ẹ má rò pé ti àwọn ilé ìtajà ńlá Èkó nìkan nìyẹn. Àwọn olórí ọjà, ìyálọ́jà àti bàbálọ́jà, lẹ lè kọ́kọ́ fi ẹjọ́ sùn. Bí wọn kò bá gbọ́, ẹ kọ̀wé sí FCCPC, kí ẹ sì fi rísíìtì mọ́ ọn. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ohun tí ẹ lè ṣe

1. *Ẹ bèèrè ibi tí ọjà ti wá.* Àlùbọ́sà Kánò tàbí Kebbi kò kọjá ibodè kankan. Ẹni tó bá fi ibodè gbówó lé e, ẹ lọ sí àtẹ mìíràn.

2. *Ẹ rà ní àsìkò rẹ̀.* Nígbà tí àlùbọ́sà bá pọ̀, ẹ ra èyí tó gbẹ dáadáa, kí ẹ tẹ́ ẹ síbi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Ẹ má dì í sínú ọ̀rá.

3. *Ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀wà olóògùn.* Bí ọjà bá fẹ́ wọ́n, àwọn kan máa ń kó ẹ̀wà pamọ́, wọ́n á sì da oògùn kòkòrò bíi Sniper sí i. Ó lè pa èèyàn. Ní 2019, àjọ NAFDAC fòfin de títa ìgò kékeré irú oògùn bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ tọ́jú ẹ̀wà nílé, ẹ sá a kó gbẹ, kí ẹ dà á sínú kẹ́ẹ̀gì tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí ẹ sì dé e pa.

4. *Ẹ rapọ̀.* Ìdílé mẹ́rin tàbí márùn-ún lè da owó pọ̀ ra àpò kan, kí wọ́n sì fi kóńgò pín in. Ní ti Iléyá, ẹ̀sìn Ìsìláàmù fàyè gba kí èèyàn méje pín màálù kan. Bí àgbò bá ju agbára lọ, kò sí ìtìjú nínú ìyẹn.

5. *Ẹ wo kóńgò kí wọ́n tó wọn ọjà fún yín.* Nígbà ọ̀wọ́n, ẹlòmíràn kì í fi owó lé ọjà, inú kóńgò ló máa ń dín kù. Ẹ fọwọ́ kan ìsàlẹ̀ rẹ̀.

6. *Ẹ má fi owó ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ kò mọ̀.* Àwọn ọ̀bàyéjẹ́ ń lo irú àsìkò yìí. Wọ́n á ní àwọn ní àgbò pọ́ọ́kú ní ibodè, kí ẹ san ìdajì owó ṣáájú. Ẹ rí ẹran kí ẹ tó sanwó.

7. *Ẹ má ra oògùn fàyàwọ́.* Oògùn tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC lára, ibi yòówù kó ti wá, ẹ má fi sẹ́nu.

Nípa àlejò àti ìrìn-àjò

Ọmọ Niger, Mali tàbí Burkina Faso tó ń ṣòwò tàbí tó ń ṣiṣẹ́ ní Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà kò di arúfin ní ọjọ́ 29 oṣù Kìíní ọdún 2025. ECOWAS sọ ọ́ kedere pé ó ṣì lè máa gbé ibi tó wà. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìyapa yìí gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ tàbí kó gba ọjà rẹ̀. Bí ẹ bá lé oníṣòwò, ọjà rẹ̀ ni ẹ lé. Ẹni tó bá sì fẹ́ lọ sọ́hùn-ún, kó mú páásípọ́ọ̀tù tó ṣì múlẹ̀ dání, kó sì wádìí ní ọ́fíìsì ìmígíréṣọ̀n kó tó gbéra, nítorí ohun tó jẹ́ òfin lánàá lè yí padà.

Ọ̀rọ̀ wa sí ìjọba àti sí yín

Ìyapa àwọn olórí kò yẹ kó di ìyà àwọn tó ń ra ọjà. Kí ìjọba àpapọ̀ má gbójú lé ìkéde onígbà díẹ̀ mọ́: kí òun àti Niger kọ ọ́ sílẹ̀ pé oúnjẹ àti ẹran ọ̀sìn yóò máa kọjá, àti pé ẹni tó bá fẹ́ dá ọjà dúró yóò sọ ọ́ fún ẹnìkejì ní oṣù díẹ̀ ṣáájú. Kí àwọn aṣọ́bodè àti àwọn tó wà níbi ìdènà ọ̀nà má gba owó tí kò sí nínú òfin. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Oǹdó àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ Àkókó ran àwọn tó fẹ́ sin àgbò àti ewúrẹ́ nílé lọ́wọ́, kí àṣẹ tó bá ti Niger wá má baà lè ba ọdún wa jẹ́ mọ́.

Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ bèèrè, ẹ ná ọjà, ẹ wo kóńgò, ẹ gba rísíìtì. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ECOWAS gba owó tí kò tọ́ sí i lọ́wọ́ yín.